Orí Kẹta: Kọ́ọ̀sì Aláwẹ́ Méjì Kì í Ṣe Àjẹkù

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Èkó. Ọgbà ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó wà nítòsí ní Ìdí-Àrábà. Bí ọmọ náà bá wọ ọkọ̀ gba Ojúẹlẹ́gba dé Yábà, yóò bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yábà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Bó bá ṣe díẹ̀ sí i, yóò dé Akọka, níbi tí ọgbà ńlá Yunifásítì Èkó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Ẹnu ọ̀nà wọn kò ṣàjèjì sí i. Ohun tó ṣàjèjì sí i ni bí wọ́n ṣe to ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni nínú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀bá títì níwájú ẹni tó ń bá wọn gba fọ́ọ̀mù JAMB, tí wọ́n á mú kọ́ọ̀sì nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí, tàbí nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó rọrùn láti fi wọlé. Kọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ méjì, bíi Ẹ̀kọ́ àti Yorùbá, tàbí Ẹ̀kọ́ àti Kẹ́mísìrì, ni wọ́n máa ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ohun tí èèyàn ń ṣà jọ nígbà tí èyí tó fẹ́ bá ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí yìí wà láti sọ pé èrò náà kò tọ̀nà. Kọ́ọ̀sì aláwẹ́ méjì jẹ́ odidi kọ́ọ̀sì, ó ní èrè tirẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá yẹ inú rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́ lè rí níbẹ̀ ohun tí kọ́ọ̀sì olórúkọ kan kò ní fún un. Ẹni tó bá já wọ ibẹ̀ láìmọ̀ ni yóò máa fi ọdún mẹ́rin kábàámọ̀.

Ibi tí yíyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé kò bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Ní Nàìjíríà, wọn kì í gba ọmọ sínú yunifásítì lásán. Inú dípáátímẹ́ǹtì kan pàtó ni wọ́n ń gbà á sí. JAMB, àjọ ìgbaniwọlé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, ló ń ṣètò rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe nínú ìdánwò JAMB, máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn. Mẹ́ta tó kù ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ mú bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ òfin kò lè fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ Ẹ̀kọ́ àti Kẹ́mísìrì kò lè sá fún kẹ́mísìrì kó ní olùkọ́ ṣáà lòun fẹ́ jẹ́. Kírẹ́dítì márùn-ún inú WAEC tàbí NECO náà gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì mu. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tó wà ní SS1, tó pín sí ọ̀nà sáyẹ́ǹsì, ọ̀nà iṣẹ́ ọnà tàbí ọ̀nà ìṣòwò, ti yan ìdajì ọ̀nà rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń yàn. Ẹ̀yin òbí, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ ti wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ìwé ìlànà JAMB, kí ẹ wo ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kọ́ọ̀sì kan náà lè béèrè ohun kan ní Akọka kó sì béèrè òmíràn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Houston tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fún àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí fóònù, ìmọ̀ràn náà sì dára ní ilẹ̀ tí wọ́n wà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ọmọ lè wọlé láì tíì sọ ohun tí yóò kọ́. Yóò tọ́ oríṣiríṣi wò fún bí ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni yóò kéde kọ́ọ̀sì gbòógì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní major. Ó lè fi kọ́ọ̀sì kékeré kan kún un, ìyẹn minor, tí kì í ju nǹkan bíi kíláàsì márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ; ó sì lè mú gbòógì méjì papọ̀ bí agbára rẹ̀ bá gbé e. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ tiwa díẹ̀, nítorí pé kọ́ọ̀sì pàtó ni ọmọ ń kọ sílẹ̀ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn oyè alápapọ̀ tí orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe pín in: bí wọ́n bá so orúkọ méjì pọ̀ pẹ̀lú and, ọgbọọgba ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, bó bá jẹ́ with ni wọ́n lò, èyí tó ṣáájú ló tóbi, èyí tó tẹ̀lé e ni kékeré. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tó bá gbọ́ gbogbo èyí, tó wá rò pé òun náà yóò wọ Akọka kí òun tó pinnu, yóò rí i pé ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣàpèjúwe fún un kò sí nínú ilé tó wọ̀. Níbí, ìwé ẹ̀rí kì í sábà dárúkọ minor. Ohun tí o bá kọ́ ní dípáátímẹ́ǹtì ẹlòmíràn wà nínú tiránsíkírípìtì rẹ, ìyẹn ìwé tó ka gbogbo kọ́ọ̀sì tí o ṣe àti máàkì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ṣí i nìkan ló lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kíka ju ẹ̀kọ́ kan lọ fún oyè kan kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, tí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lóyè, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta pọ̀. Wọlé Ṣóyínká wọ ibẹ̀ ní 1952, ó sì ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Gíríìkì àti ìtàn kó tó kọjá sí Leeds ní 1954. Chinua Achebe ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ní 1948 láti kọ́ ìṣègùn. Nígbà tó rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un bọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi owó tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Èmi rí ohun méjì nínú ìtàn yẹn. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹni tó ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta ọ̀hún sí àbùkù nígbà náà. Èkejì ni pé yíyí kọ́ọ̀sì padà ní owó tí ó ń gbà, láti ìgbà náà títí di òní. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka dé ní 1960 pẹ̀lú ìlànà Amẹ́ríkà, ó mú ẹ̀kọ́ gbogboogbò wá, èyí tí gbogbo yunifásítì wa ń ṣe báyìí lábẹ́ orúkọ GST. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, dípáátímẹ́ǹtì olórúkọ kan ló ń pọ̀ sí i. Láìpẹ́ yìí pàápàá, àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì tú ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ gbogboogbò, Mass Communication, sí oríṣiríṣi kọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi iṣẹ́ ìròyìn, ìpolówó ọjà àti iṣẹ́ rédíò òun tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí olúkúlùkù bá ń dín sí ojú kan bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ ojú méjì ló ń ṣọ̀wọ́n.

Kí o tó lè mọ ohun tó wà nínú kọ́ọ̀sì kan, o gbọ́dọ̀ mọ yúníìtì. Yúníìtì kan ni wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́ta jẹ́ wákàtí 45 ní sáà kan. Ìlànà NUC ni pé oyè ọlọ́dún mẹ́rin kò gbọdọ̀ dín ní yúníìtì 120, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún láti 15 dé 24 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlànà tuntun tí NUC gbé jáde ní ìparí 2022, èyí tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, àjọ náà fúnra rẹ̀ ló pinnu ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì láti fi ohun tó bá wù ú kún. GST àti ẹ̀kọ́ ìdáwọ́lé òwò gba yúníìtì 12, ìyẹn sì kan gbogbo ènìyàn. Èyí tó kù pín sí kọ́ọ̀sì dandan tí dípáátímẹ́ǹtì rẹ ń kọ́ ọ, kọ́ọ̀sì tí dípáátímẹ́ǹtì rẹ ní kí o lọ ṣe lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, àti kọ́ọ̀sì àṣàyàn tí ìwọ fúnra rẹ ń mú. Ìdá 30 yẹn àti àwọn kọ́ọ̀sì àṣàyàn yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í bojú wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà láàrin Akọka àti Ọ̀jọ́, láàrin ọmọ kan àti èkejì rẹ̀.

Ní ti orúkọ, má jẹ́ kí “àti” tàn ọ́ jẹ. Electrical and Electronics Engineering kì í ṣe kọ́ọ̀sì méjì. Iṣẹ́ kan ni, orúkọ rẹ̀ ló gùn. Ṣùgbọ́n Common and Islamic Law ti Yunifásítì Ìlọrin jẹ́ méjì lóòótọ́, nítorí pé ètò òfin méjì tó yàtọ̀ síra ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀. Ifẹ̀ ní Computer Science with Economics àti Computer Science with Mathematics, níbi tí kọ̀ǹpútà ti jẹ́ gbòógì tí ètò ọrọ̀ ajé tàbí ìṣirò sì rọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun tó tún sún mọ́ minor àwọn ará Amẹ́ríkà tó èyí lọ́dọ̀ wa. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àwọn oyè ẹ̀kọ́ olùkọ́: B.A. (Ed.) Yorùbá, B.A. (Ed.) Gẹ̀ẹ́sì, B.Sc. (Ed.) Bàọ́lọ́jì àti irú wọn. Fákọ́tì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ni akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ fákọ́tì iṣẹ́ ọnà tàbí ti sáyẹ́ǹsì láti gba awẹ́ kejì. Nínú awẹ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ bí ọmọdé ṣe ń ronú, bí a ṣe ń ṣètò ìdánwò, ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń lọ dúró níwájú kíláàsì gidi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àwọn olùkọ́ yunifásítì máa wá wò wọ́n níbẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó wọlé nítorí Yorùbá nìkan máa ń fojú tín-ín-rín awẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú ìdíwọ̀n márùn-ún tí a ń lò, A jẹ́ máàkì 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Ká ní ọmọ kan mú yúníìtì 18 ní sáà kan, 9 ti Yorùbá, 9 ti ẹ̀kọ́ olùkọ́. Bó bá gba A nínú gbogbo Yorùbá rẹ̀, yóò ní 45. Bó bá fi ẹ̀kọ́ olùkọ́ ṣeré tó gba D níbẹ̀ jálẹ̀, yóò ní 18. Àpapọ̀ 63, tí a bá fi 18 pín in, yóò fún un ní 3.50, ìyẹn ẹnu ààlà ipò kejì òkè gan-an. Ọmọ tó ń gba A nínú iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ló wà ní etí bèbè yìí. Bó bá ti gbìyànjú dé B nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́, 45 àti 36 yóò jẹ́ 81, èyí yóò sì fún un ní 4.50, níbi tí ipò kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Awẹ́ tí kò kà sí ló pinnu oyè rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣe ìṣirò yìí fúnra wọn pẹ̀lú kọ́ọ̀sì tiwọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ní ọdún kẹta nígbà tí kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀, carry-over tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, bá ti ń wọ́ tẹ̀lé wọn.

Ẹnìkan yóò sọ pé ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo. Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí n kò ní bò mọ́lẹ̀. Yúníìtì kò pọ̀ sí i nítorí pé awẹ́ jẹ́ méjì. 120 tàbí díẹ̀ lé ni, a kàn pín in ni. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ B.A. (Ed.) Yorùbá bá parí, ohun tó kọ́ nínú lítíréṣọ̀ àti gírámà Yorùbá kò ní pọ̀ tó ti ọmọ tó ka Yorùbá nìkan. Bó bá fẹ́ lọ ṣe oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, dípáátímẹ́ǹtì lè ní kó kọ́kọ́ ṣe àfikún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n wo ẹnì kejì náà: ẹni tó gba B.A. Yorùbá lásán, tó wá fẹ́ di olùkọ́ tí òfin mọ̀, gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́, kí TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó lè gbà á wọlé. Gbèsè wà ní ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó kù ni èwo ni o fẹ́ san, nígbà wo, àti pé ṣé o mọ̀ kí o tó wọlé pé o jẹ ẹ́. Àwọn eku méjèèjì kò sì sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹni tó mọ èdè tó sì mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní èdè náà ń lé ohun kan ṣoṣo.

Ẹ̀rí èyí wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Bethune-Cookman ní Florida ní 1950 nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, awẹ́ méjì, kó tó kọjá sí ẹ̀kọ́ olùkọ́ títí tó fi di ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní 1955. Ètò tó darí láti Ifẹ̀ ní 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko, kò ṣeé ṣe fún onímọ̀ èdè nìkan, kò sì ṣeé ṣe fún onímọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan. Ó gba kí wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, kí ìwé náà sì bá orí ọmọ ọdún méje mu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni oyè aláwẹ́ méjì wà láti pèsè. Èkó pàápàá nílò wọn lónìí: láti February 2018 tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ yìí, ti ìjọba àti ti aládàáni, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan láti Mushin dé Súrùlérè ló yẹ kó ní ẹni tó lè kọ́ ọ bí ó ti yẹ. Kí ó máa jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n á fà sí iwájú kíláàsì kò dára fún ọmọ, kò sì dára fún èdè náà.

Àwọn òbí yóò tún béèrè pé èló ni owó olùkọ́. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni: owó olùkọ́ kéré, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní àdúgbò wa ń san ohun tí kò tó gbọ́ bùkátà. Ara ohun tó tún mú kí wọ́n máa fojú kéré kọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni pé ààlà máàkì rẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀. Ní 2024, JAMB fi 140 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, ó sì fi 100 ṣe ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ìjọba tó fẹ́ olùkọ́ gidi kò gbọdọ̀ máa fi irú òdiwọ̀n yẹn wá wọn. Síbẹ̀, ìyẹn kò sọ pé oyè náà de ọmọ mọ́ kíláàsì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ka èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wá gba oyè kejì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Akọka yìí kan náà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá ní Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí òǹkọ̀wé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà kó ní Faransé tó kọ́kọ́ kà ṣòfò. Mo mọ̀ pé irú Ìṣọ̀lá kò wọ́pọ̀, n kò sì sọ pé gbogbo ọmọ yóò dà bíi rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀: oyè àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì ti ní ìmọ̀ méjì lọ́wọ́ ní ọ̀nà méjì tó lè gbà jáde níbẹ̀.

Àwọn kan wà tí n kò ní gbà níyànjú láti wá kọ́ọ̀sì aláwẹ́ méjì. Ẹni tó bá dá lójú pé ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìpo oògùn lòun fẹ́ kò ní àyè fún àpapọ̀, nítorí pé àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́. Kí ó gbájú mọ́ ọn. Bákan náà, ẹni tó fẹ́ràn ìmọ̀ kan dé ibi pé ó fẹ́ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣèwádìí rẹ̀ yóò rí àǹfààní púpọ̀ nínú oyè olórúkọ kan.

Fún ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó yunifásítì ní ọdún yìí, ọ̀nà NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́, ṣì wà, ọlọ́dún mẹ́ta, ó sì ti jẹ́ aláwẹ́ méjì láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ méjì ni ọmọ ń mú papọ̀, bíi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tàbí bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísìrì. Lẹ́yìn náà, ó lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì. Ọdún mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ dípò mẹ́rin, ìwé ẹ̀rí méjì ni yóò sì ní. Kí ó ṣáà rántí pé ohun tó bá fẹ́ kà ní yunifásítì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ méjì tó mú ní NCE. Ọ̀pọ̀ ló ń mọ èyí lẹ́yìn tí wọ́n ti parí.

Ní ti ẹni tó ti wọ kọ́ọ̀sì olórúkọ kan, tó sì fẹ́ awẹ́ kejì, ó lè kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kó má ṣe mú kọ́ọ̀sì àṣàyàn nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ kì í fi máàkì háwọ́. Bó bá ń ka ìmọ̀ nípa àwùjọ, kó mú ìṣirò dátà àti ètò ọrọ̀ ajé tẹ̀lé ara wọn ní ọdún kejì àti ìkẹta, kó sì wá fi iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Tiránsíkírípìtì rẹ̀ yóò sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí kò sọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò-owó tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ka ìṣirò owó ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò tí yóò ṣe yóò pọ̀ ju ti ẹni tó kà á lọ. Ohun tí kò tọ́ ni kí ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún oyè méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. JAMB kò fọwọ́ sí i, ẹni tí ọwọ́ bá sì tẹ̀ lè pàdánù méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà lẹ́yìn ọdún kìíní gbọ́dọ̀ ní máàkì tí dípáátímẹ́ǹtì tuntun ń béèrè, kí ibẹ̀ ní àyè, kí ìwé WAEC àti iṣẹ́ mẹ́rin JAMB rẹ̀ sì bá a mu. Ká ní gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i, ó ṣì gbọ́dọ̀ rí i pé àtúnṣe náà wọ inú àkọsílẹ̀ JAMB, nítorí pé ibẹ̀ ni NYSC, àjọ àgùnbánirọ̀, ń wò nígbà tó bá parí. Má wọ kọ́ọ̀sì kankan pẹ̀lú ìrètí pé wàá sá kúrò níbẹ̀. Kí o tó tẹ bọ́tìnnì pé o gba kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún ọ lórí CAPS, ojúlé ìgbaniwọlé JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sí dípáátímẹ́ǹtì náà. Akọka kò jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Béèrè ìwé ìtọ́sọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí o ka kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o fi bírò pín yúníìtì rẹ̀ sí awẹ́ kìíní àti awẹ́ kejì. Bí o bá rí i pé o lè fi tọkàntọkàn ṣe méjèèjì, gbà á. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ohun tí o kórìíra, má gbà á nítorí pé ẹnikẹ́ni ní kí o ṣáà ti wọlé.